Ọ́tísíìmù àti ìlera ọkàn ìdílé

Ọ́tísíìmù jẹ́ ìyàtọ̀ nínú bí ọpọlọ ọmọ ṣe ń dàgbà, ó sì ti ń bẹ lára ọmọ kí a tó bí i. Ó máa ń hàn nínú bí ọmọ ṣe ń bá ènìyàn lò àti bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀, nínú ṣíṣe ohun kan náà ní àṣetúnṣe, àti nínú bí ariwo, ìmọ́lẹ̀, òórùn tàbí aṣọ ṣe ń ni í lára. Kì í ràn, kì í sì í ṣe wèrè. Nínú ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé fún ọdún 2021, nǹkan bí ènìyàn 1 nínú 127 ló ní i.

Ìwé tí Leo Kanner, dókítà ọpọlọ àwọn ọmọdé, kọ ní Baltimore ní 1943, lórí ọmọ 11, ló sọ ọ́ di mímọ̀. Dókítà Hans Asperger kọ tirẹ̀ ní Vienna ní 1944, ṣùgbọ́n dókítà Grunya Sukhareva ti ṣàpèjúwe irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Moscow ní nǹkan bí ogún ọdún ṣáájú. Lẹ́yìn náà ni àwọn oníṣègùn kan di ẹ̀bi ru ìyá, wọ́n ní ìyá tí kò ní ìfẹ́ ọmọ ló fà á. Bernard Rimland, tí òun náà bí ọmọ bẹ́ẹ̀, tako wọn nínú ìwé rẹ̀ ní 1964. Ìwádìí lórí àwọn ìbejì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1977 sì fi hàn pé àjogúnbá kó ipa ńlá nínú rẹ̀. Nílẹ̀ Yorùbá, orí ìyá náà ni ẹ̀bi ń já lé: wọ́n á ní ẹlẹ́gbẹ́ lọmọ, ayé ló ṣe é, tàbí pé ìyá rẹ̀ rìn ní ọ̀sán gangan nígbà tí ó lóyún. Kò sí ọ̀kan tó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kọ́ ló ń fà á pẹ̀lú; ìwé tí Andrew Wakefield, tó jẹ́ dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, fi dá ìbẹ̀rù yẹn sílẹ̀ ní 1998, ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet tó tẹ̀ ẹ́ jáde fagi lé e ní 2010.

Dídá a mọ̀

Àwọn ìwé àyẹ̀wò òyìnbó máa ń béèrè bóyá ọmọ ń wo ojú ènìyàn. Nílẹ̀ Yorùbá, ọmọ tí a kọ́ kì í ranjú mọ́ àgbà, nítorí náà àmì yìí nìkan kò tó. Ohun tí ó yẹ kí a wò ni bóyá ọmọ ń pín ohun tí ó rí pẹ̀lú ẹlòmíràn: tí ó bá ti pé oṣù 18, ṣé ó máa ń nawọ́ sí adìyẹ tàbí ọkọ̀ òfurufú, kí ó sì yíjú wò bóyá ìyá òun náà ti rí i? Àwọn àmì mìíràn ni kí ọmọ ọdún kan má dáhùn orúkọ rẹ̀, kí ọmọ ọdún méjì má tíì so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, tàbí kí ọ̀rọ̀ tí ọmọ ti mọ̀ dàwátì lẹ́nu rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí kò gbọ́dọ̀ di ọ̀la kí a tó gbé e dé ilé ìwòsàn.

Etí ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí ọmọ tí kò gbọ́ràn kò ní dáhùn. M-CHAT-R, ìwé àyẹ̀wò tí òbí ń dáhùn, jẹ́ ìbéèrè 20 fún ọmọ oṣù 16 sí 30: máàkì 0 sí 2 kò fi ewu púpọ̀ hàn, 3 sí 7 ń fẹ́ ìbéèrè síwájú sí i, 8 sókè sì ń fẹ́ dókítà tààrà. Ìbéèrè yìí kò tó láti sọ pé ọmọ ní ọ́tísíìmù. “Ọmọkùnrin kì í tètè sọ̀rọ̀” ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọmọ pàdánù ọdún méjì sí mẹ́ta. Àwọn ọmọbìnrin tilẹ̀ ń sọnù sí wa lójú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí wọ́n mọ bí a ṣe ń fara wé ẹgbẹ́ wọn.

Nínú ilé

Kò yẹ kí òbí dúró de ìwé dókítà kó tó bẹ̀rẹ̀. Kí ó jókòó sílẹ̀ kí ojú òun àti ọmọ dọ́gba, kí ó sọ ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì lórí ohun tí ọmọ ń wò (“Omi.” “Gba bọ́ọ̀lù.”), kí ó sì dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ìdákẹ́jẹ́ yìí ló máa ń ṣòro jù. Bí àgbà bá tún ọ̀rọ̀ náà sọ ní ọ̀nà mìíràn kí ọmọ tó rò ó tán, ọmọ ní láti tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. A lè gbé ohun tí ó fẹ́ràn sí ibi tí ojú rẹ̀ tó ṣùgbọ́n tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó. Bí ó bá nawọ́ sí i, tàbí tí ó mú àwòrán rẹ̀ wá, kí a fún un lójú ẹsẹ̀. Àwòrán ife, oúnjẹ àti ilé ìgbẹ́ tí a fi fóònù yà kò ní dí ọ̀rọ̀ sísọ lọ́wọ́. Èdè méjì pẹ̀lú kò dá ọmọ dúró. Wọ́n ti sọ fún ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà pé kí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ìwádìí kò gbè é, ó sì ń gba ìyá-ìyá lọ́wọ́ ọmọ náà.

Oorun ń dààmú bí ìdajì sí mẹ́rin nínú márùn-ún àwọn ọmọ wọ̀nyí. Kí àkókò ìsùn má yí padà, kí a pa fóònù àti tẹlifíṣọ̀n ní wákàtí kan ṣáájú, kí yàrá rẹ̀ sì jìnnà sí jẹnẹrétọ̀.

Bí ọmọ bá ń ké, tí ó ń gbára nílẹ̀, kì í ṣe gbogbo ìgbà ló jẹ́ àkẹ́bàjẹ́. Ọmọ tó ń ṣe àkẹ́bàjẹ́ máa ń yọjú wò bóyá a rí òun, ó sì máa ń dákẹ́ bí ó bá ti rí ohun tó fẹ́. Èyí tí nǹkan kọjá agbára rẹ̀ kò ní dákẹ́. Kí a dín ọ̀rọ̀ kù, kí a pa ariwo, kí a ní kí àwọn tó ń wòran kúrò, kí a má sì dì í mú àfi bí ó bá fẹ́ ṣe ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn léṣe. Pàṣán kàn ń fi ìrora kún ohun tí ó ti pọ̀ jù ni. Lẹ́yìn rẹ̀, kí a kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú, ohun tí ọmọ ṣe, àti ohun tó tẹ̀lé e. Bí a bá ṣe é fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó sábà máa ń fi ìdí ọ̀rọ̀ hàn. Ọmọ tí kò gbá orí mọ́ ògiri rí, tí ó wá bẹ̀rẹ̀ lójijì, ẹ kọ́kọ́ yẹ eyín rẹ̀, etí rẹ̀ àti inú rẹ̀ wò: àìrígbẹ́ yà ti mú ọ̀pọ̀ ọmọ bẹ́ẹ̀ dà bí oníjàgídíjàgan.

Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2012, nǹkan bí ìdajì àwọn òbí ní ọmọ wọn ti gbìyànjú láti sá kúrò nílé tàbí ilé ìwé lẹ́yìn ọmọ ọdún mẹ́rin. Omi ló ń pa àwọn ọmọ tó sá bẹ́ẹ̀ jù. Kí ìdérí kànga ní kọ́kọ́rọ́, kí nọ́ńbà fóònù wà lára aṣọ ọmọ, bí ó bá sì sọnù, ibi tí omi wà ni kí a kọ́kọ́ wá.

Kò sí oògùn tó ń wo ọ́tísíìmù sàn. Risperidone àti aripiprazole wà fún ìbínú líle nìkan, wọ́n sì lè mú ọmọ sanra jù. Àwọn tó ń ta omi “MMS” fún òbí bí oògùn ọ́tísíìmù, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń bó aṣọ ni wọ́n ń tà.

Ọkàn àwọn tó ń tọ́ ọmọ

Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wọ́pọ̀ lára àwọn òbí wọ̀nyí ju àwọn òbí mìíràn lọ, ìyá ló sì máa ń kàn jù. Àìsùn, owó, àti ojú tí àwọn ará ilé fi ń wò wọ́n ló ń ṣe é. Bí ìyá kò bá lè sùn kódà nígbà tí ọmọ bá sùn, tí oúnjẹ kò wù ú, tí nǹkan kò dùn mọ́ ọn fún ọ̀sẹ̀ méjì, àìsàn tó ń fẹ́ ìtọ́jú ni. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀ ikú, tirẹ̀ tàbí ti ọmọ, kí ẹnikẹ́ni má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, kí wọ́n sì gbé e dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, ti Aro ní Abẹ́òkúta àti ti Yábàá ní Èkó ní dókítà ọpọlọ.

Ohun tó ń ran ìdílé lọ́wọ́ jù ni ẹlòmíràn tó mọ ọmọ náà dáadáa. Kí ó tó ènìyàn méjì, yàtọ̀ sí ìyá, tó ti jókòó tì í tó láti mọ oúnjẹ rẹ̀, ohun tó ń bà á lẹ́rù àti bí a ṣe ń tù ú nínú; kí ó wà ní kíkọ sórí ìwé kan. Kí bàbá gba òru tirẹ̀ lọ́wọ́, pẹ̀lú ọjọ́ tí ó ṣe pàtó. “Màá ràn ẹ́ lọ́wọ́” lásán kò fún ẹnikẹ́ni ní oorun. Ẹ̀kọ́ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe fún òbí ọmọ ọdún 2 sí 9 ní ìpàdé 9 àti ìbẹ̀wò 3 sílé, ìlera òbí fúnra rẹ̀ sì wà nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀.

Nínú àwọn àbúrò tí wọ́n bí tẹ̀lé ọmọ tó ní ọ́tísíìmù, nǹkan bí ọ̀kan nínú márùn-ún lè ní i pẹ̀lú, nítorí náà kí a tètè máa ṣọ́ wọn. Èyí tí kò ní i nílò àkókò tirẹ̀ pẹ̀lú òbí, kódà bí ó jẹ́ ìdajì wákàtí lọ́sẹ̀. Bí ó bá sì ti dàgbà tó, kí òbí bá a jókòó sọ ẹni tí yóò máa mójú tó owó, ilé àti oògùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí àwọn kò bá sí mọ́, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé òun nìkan kò lè gbé e.