Àṣìrò nínú àríyànjiyàn

Àṣìrò ni èrò tó jọ òótọ́ létí, àmọ́ tí ẹ̀rí tí wọ́n gbé e lé kò lè gbé e dúró. Ó yàtọ̀ sí irọ́: òpùrọ́ mọ ohun tó ń ṣe, ẹni tó ṣe àṣìrò lè gba ohun tó ń sọ gbọ́ tọkàntọkàn. Bó bá mọ̀ọ́mọ̀ ń lọ́ ọ̀rọ̀ po kí wọ́n lè dá a láre, àwọn ará Èkó á ní àwíjàre ló ń wí, tàbí pé màdàrú ló ń ṣe. Èyí tí kò ní ẹ̀rí rárá ni wọ́n ń pè ní ọ̀rọ̀ tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Aristotle, ọ̀mọ̀ràn ilẹ̀ Gíríìsì, ka oríṣi àṣìrò 13; mẹ́fà nínú wọn wá láti inú bí a ṣe lo èdè.

Ní ìpàdé àdúgbò, èyí tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀, kí wọ́n kọjú sí ẹni tó sọ ọ́. Ayálégbé kan ní Mushin lè béèrè ibi tí owó gọ́tà tí wọ́n dá wọlé sí, kí wọ́n sì dá a lóhùn pé: "Kí ló kan ayálégbé nínú ọ̀rọ̀ lándílọ́ọ̀dù?" Ìbéèrè nípa owó ṣì wà nílẹ̀.

Nídìí lọ́tìrì, láti Ìdúmọ̀tà dé Ojúẹlẹ́gbà, àwọn kan gbà pé nọ́ńbà tó ti pẹ́ tí kò jáde gbọ́dọ̀ jáde láìpẹ́. Níbi tí wọ́n bá ti ń mú nọ́ńbà 5 nínú 90, àǹfààní nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan kò ju 1 nínú 18 lọ, bó ti wù kó pẹ́ tó. Ní ilé tẹ́tẹ́ Monte Carlo ní ilẹ̀ Monaco, ní 1913, rúlẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àgbá tẹ́tẹ́ tó ń yí, tó sì lè mú dúdú tàbí pupa, mú dúdú ní ìgbà 26 léraléra. Ọ̀pọ̀ pàdánù owó torí wọ́n gbà pé ó ti kan pupa.

Èyí tó léwu jù ni kí a sọ pé ohun tó ṣáájú ló fa ohun tó tẹ̀lé e. Òwe kan gbé e jáde kedere: "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí; ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?" Bí ẹ̀rí mìíràn bá wà nílẹ̀, òwe náà bá a mu. Bó bá jẹ́ òun nìkan ni ẹ̀rí, kò fi nǹkan kan hàn ju pé igbe ṣáájú ikú. Ibà lè ti pa ọmọ náà. Àwọn ìyá àgbà tó ń dá gbé ni irú èrò yìí sábà máa ń ṣe lọ́ṣẹ́, wọn kì í sì í rí ẹni gbèjà wọn. Abala 210 nínú Criminal Code Nàìjíríà, ìyẹn òfin tó dá lórí ìwà ọ̀daràn, sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti fi ẹ̀sùn àjẹ́ kan ènìyàn. Ó lè gbé ẹni tó bá ṣe é lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 2.