Èébì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ: ọ̀nà kan kọ́ ló ń gbà wọlé

Wọ́n á gbé ìyá kan jáde ní tíátà n'Ífẹ̀ tàbí n'Íléṣà, ojú ẹ̀ ò tíì là tán, ó ti ń bì, kíá làwọn ará ilé á ní ó jẹ nǹkan ní kọ̀rọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ń bí mi nínú gan-an, torí ìyá yẹn lè má tíì fi nǹkan kan ẹnu láti alẹ́ àná. Kí oúnjẹ má baà gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ nígbà téèyàn bá sùn ni wọ́n ṣe ní kó má jẹun, ìyẹn ò ní kí èébì má wá. Ọpọlọ ló ń pàṣẹ èébì.

Ẹ fi ibi tí àṣẹ yẹn ti ń jáde wé Ifẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ n'Ífẹ̀ lè gba ọ̀nà Ìbàdàn, ó lè gba Iléṣà, ó lè gba Oǹdó, tẹ́ ẹ bá dí ọ̀kan, èrò á ṣì máa wọlé. Ìfun máa ń tú kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ serotonin jáde, iṣan kan tó gùn láti ikùn á gbé ìròyìn ẹ̀ dé ọpọlọ, ká pe ìyẹn ní ọ̀nà Ìbàdàn. Apá kékeré kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ tó ń tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò bóyá májèlé wà níbẹ̀, kẹ́míkà míì tó ń jẹ́ dopamine ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gan-an, ọ̀nà Iléṣà nìyẹn. Inú etí ni Oǹdó, òun náà ló ń mú àwọn kan bì nínú mọ́tò. Gáàsì tí wọ́n fi ń múni sùn àti oògùn ìrora bíi pentazocine tàbí tramadol, ara kà á sí májèlé, ó fẹ́ dà á nù. Mi ò lè bú ara ṣá, ọgbọ́n yẹn náà ló ń gba ẹni tó jẹ ohun olóró là.

Oògùn tó ń dènà èébì náà ní ọ̀nà tí kálukú ń dí. Ondansetron ń dí Ìbàdàn, ìparí iṣẹ́ ni wọ́n sábà máa ń fúnni torí kì í pẹ́ lára. Droperidol ń dí Iléṣà, Plasil náà wà níbẹ̀ àmọ́ mílígíráàmù 10 tí wọ́n máa ń fúnni yẹn ò lágbára tó. Phenergan ń ṣọ́ Oǹdó. Dexamethasone ní tiẹ̀ ń pẹ́ kó tó ṣiṣẹ́, ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń fún un, lẹ́yìn téèyàn bá ti sùn, torí tí wọ́n bá yára fún ẹni tí ojú ẹ̀ là, abẹ́ á máa ta á bí ẹni fi ata sí i.

Ta ló nílò oògùn méjì, ta ló nílò mẹ́ta? Dókítà Apfel àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ gbé ìṣirò kan jáde lọ́dún 1999, nǹkan mẹ́rin ni wọ́n ń kà: kéèyàn jẹ́ obìnrin, kó má máa mu sìgá, kó ti bì rí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tàbí nínú mọ́tò, kí wọ́n fún un ní oògùn ìrora bíi ti òkè yẹn lẹ́yìn iṣẹ́. Tí kò bá sí ìkankan, bíi 10 nínú 100 ló máa bì tàbí tí èébì á máa gbé, tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pé, bíi 80. Ẹ wá wo ìyá tiwa tí kò mu sìgá rí, tí wọ́n á fún ní pentazocine, ó ti ní mẹ́ta kó tó dùbúlẹ̀, bíi 60 nìyẹn. Ìwádìí 2004 kan tí wọ́n fi èèyàn tó lé ní 5,000 ṣe fi hàn pé oògùn kọ̀ọ̀kan ń gé bí ìdá kan nínú mẹ́rin ewu tó kù, ọ̀kan á sọ 60 di 45, ìkejì á sọ ọ́ di bíi 34. Ọ̀kan ṣoṣo kéré fún un jàre.

Tó bá sì bì lẹ́yìn ondansetron, tí wákàtí mẹ́fà ò tíì pé, ẹ má bẹ nọ́ọ̀sì pé kó tún fi ondansetron kún un. Ìbàdàn ti dí tẹ́lẹ̀. Oògùn tó ń ṣọ́ ọ̀nà míì ló kàn.