Kí ló dé tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dín kù nínú rẹ́tínà lẹ́yìn ìtọ́jú àtọ̀gbẹ ojú?

Bí wọ́n bá tọ́jú ojú tí àtọ̀gbẹ ti bà jẹ́, tí dókítà sì tún un wò lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó lè sọ pé ìṣàn ẹ̀jẹ̀ inú rẹ́tínà ti lọ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń já èèyàn láyà. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu màmá kan ní Kàbà tó ti Lọ́kọ́jà dé: "Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ojú mi ti dín kù. Ṣé ojú náà ń kú lọ ni?" Rárá o, màmá. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìròyìn ayọ̀ ni.

Rẹ́tínà ni awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó tẹ́ sí ẹ̀yìn ẹyinjú nínú lọ́hùn-ún, tó ń gba ìmọ́lẹ̀, tó ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Ọ́síjìn tó ń lò pọ̀ gan-an. Ọ̀nà méjì ló sì ń gbà rí i: àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tíntìntín tirẹ̀ ń bọ́ apá inú, awọ mìíràn tó kún fún ẹ̀jẹ̀, tó ń jẹ́ kóróìdì, ń bọ́ apá ẹ̀yìn. Ẹ fi kóróìdì yìí sọ́kàn.

Àtọ̀gbẹ tó ti pẹ́ lára máa ń dí àwọn òpó tíntìntín náà. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò bá dé mọ́, àìtó ọ́síjìn á mú kó máa tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní VEGF jáde. VEGF yìí ló ń mú kí àwọn òpó tó kù wú, kí wọ́n máa jo omi. Tó bá le, òpó tuntun á hù, àmọ́ wọn kì í lágbára. Wọ́n á bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á dà sínú ojú. Ibẹ̀ ni ìfọ́jú ti ń wá. Nítorí náà, kí ẹ̀jẹ̀ máa ṣàn lọ́pọ̀ nínú irú ojú bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àmì ìlera.

Ọ̀nà ìtọ́jú méjì ni mo fẹ́ sọ: lésà àti abẹ́rẹ́. Ní ti lésà, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ alágbára, dókítà á fi jó ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́ rẹ́tínà ní ojú kéékèèké, bí 1,200 sí 1,600, á sì fi àárín tí a fi ń kàwé sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, jíjó ni, kò yẹ ká fi pa mọ́ fún aláìsàn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gba ìmọ́lẹ̀ ló ń jẹ ọ́síjìn jù. Níbi tí a bá ti jó wọn, ọ́síjìn tó ń ti kóróìdì bọ̀ á ráyè kọjá sí apá inú. VEGF á rọlẹ̀, àwọn òpó tó wú á sún kì, ẹ̀jẹ̀ tó ń gba inú wọn kọjá á dín kù. Bí ọmọ mẹ́rin nínú mẹ́fà bá ti kúrò nílé lọ sí Àbújá, iyán tí ìyá wọn ń gún á kéré sí i. Ìyẹn ò ní ká sọ pé ìyàn wọlé.

Bí wọ́n bá fi fọ́tò ojú yín hàn yín, ẹ wò ó dáadáa. Ṣáájú ìtọ́jú, òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà lè tóbi jù, kó fẹ̀ níhìn-ín, kó fún lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn rẹ̀, ó máa ń tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, àpá lésà á sì tò yí ẹ̀gbẹ́ ká.

Ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà, Diabetic Retinopathy Study, fi hàn ní 1976 pé lésà ń dín ewu ìfọ́jú tó le kù ju ìdajì lọ. Kì í dá ojú tó ti lọ padà o. Ó sì lè mú kí òru ṣókùnkùn síni lójú, kí ẹ̀gbẹ́ ojú má ríran tó ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń gun ọ̀kadà lálẹ́ láàárín Ìsánlú àti Mọ̀pà gbọ́dọ̀ mọ èyí.

Abẹ́rẹ́ inú ojú, bíi bevacizumab, ranibizumab àti aflibercept, kì í jó nǹkan kan. VEGF náà gan-an ló ń dè mọ́lẹ̀. Òpó á sún kì, omi tó ń jo á gbẹ, àmọ́ agbára oògùn náà á tán láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó bá gba abẹ́rẹ́ nìkan tí kò padà wá, ojú rẹ̀ lè tètè bàjẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀nà Ọ̀bàjànà lọ sí Lọ́kọ́jà, tí owó ọkọ̀ àti owó abẹ́rẹ́ ń ni lára, ẹ má tijú: ẹ sọ fún dókítà tààrà pé ẹ ò lè máa wá lóṣooṣù. Ó lè jẹ́ lésà ló máa bá ipò yín mu jù.

Ẹ tún bi í ní ohun kan: ṣé ẹ̀jẹ̀ yìí dín kù nítorí pé ìnira ojú ti rọlẹ̀ ni, àbí nítorí pé òpó mìíràn tún ti dí? Àwọn méjèèjì yàtọ̀ pátápátá. Fọ́tò tí wọ́n ń yà lẹ́yìn tí wọ́n bá fa aró sí iṣan apá yín ló lè fi hàn án. Ibi tí òpó bá ti dí, aró náà ò ní dé ibẹ̀.