Fọ́tò àsúnmọ́ aláǹtakùn àti ohun tí ó pa jẹ

Fọ́tò àsúnmọ́ aláǹtakùn jẹ́ ẹ̀ka kan lára iṣẹ́ yíya àwọn ohun kéékèèké, nínú èyí tí ayafọ́tò ń sún mọ́ aláǹtakùn débi pé ojú rẹ̀, irun ara rẹ̀ àti kòkòrò tó wà lẹ́nu rẹ̀ á hàn ju bí ojú lásán ṣe lè rí wọn lọ. Oríṣi aláǹtakùn tí àwọn onímọ̀ ti fún lórúkọ ti lé ní 50,000, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì gùn ju èékánná ọwọ́ lọ.

Ohun tó jẹ́ kí fọ́tò aláǹtakùn tó ń jẹun wọ́pọ̀ ni ọ̀nà tó ń gbà jẹun. Kì í gé ẹran gbé mì. Á pọ omi tó ń yọ́ ẹran sára kòkòrò tó ti pa, á sì máa fa ohun tó yọ́ náà mu díẹ̀díẹ̀, nígbà mìíràn fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Aláǹtakùn tí ẹnu rẹ̀ ṣófo lè ti bẹ́ lọ kí ọwọ́ tó kan kámẹ́rà. Èyí tó ń jẹ eṣinṣin lọ́wọ́ sábà máa ń dúró, bí a kò bá da á láàmú.

Lẹ́ńsì àti ìmọ́lẹ̀

Lẹ́ńsì tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí máa ń gbé nǹkan sórí sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà, ìyẹn ibi tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀, ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, ìyẹn 1:1. Bí sẹ́ńsọ̀ bá fẹ̀ ní mìlímítà 36, ohun tó fẹ̀ ní mìlímítà 36 ló máa kún fọ́tò náà, aláǹtakùn tó gùn ní mìlímítà 5 á sì kéré níbẹ̀. Lẹ́ńsì Canon MP-E 65mm, tó jáde ní 1999, lè sọ nǹkan di ìlọ́po 5, tó fi jẹ́ pé mìlímítà 7.2 péré ló máa kún fọ́tò láti ìbú dé ìbú. Ẹni tí owó rẹ̀ kò ká a lè ki òrùka oníhò sáàárín lẹ́ńsì àti kámẹ́rà, tàbí kí ó dojú lẹ́ńsì 50mm kọ ẹ̀yìn. Fóònù pàápàá ní lẹ́ńsì kékeré tí wọ́n ń há mọ́ ojú kámẹ́rà rẹ̀.

Bí nǹkan ṣe ń tóbi sí i, bẹ́ẹ̀ ni ibi tó mọ́ kedere nínú fọ́tò ń dín kù. Ní ìlọ́po 5, kì í tó ìdajì mìlímítà: bí ojú bá mọ́, ẹsẹ̀ á ṣe bàìbàì. Bí ayafọ́tò bá dín ihò lẹ́ńsì kù kí ibi tó mọ́ lè pọ̀ sí i, òkùnkùn dé nìyẹn, nítorí f/8 (nọ́ńbà ihò lẹ́ńsì: bó bá ṣe tóbi tó ni ihò náà ṣe kéré tó) a máa ṣe bí f/16 ní 1:1, a sì máa ṣe bí f/48 ní ìlọ́po 5. Fíláàṣì ló ń yanjú èyí. Wọ́n á fi pépà tàbí ike funfun bo iwájú rẹ̀, nítorí ojú aláǹtakùn ń dán bíi dígí. Ẹni tó bá wo irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ dáadáa á rí àwòrán pépà náà nínú ojú ńláńlá méjèèjì, bí ìgbà tí fèrèsé hàn nínú omi.

Àwọn mìíràn máa ń ya ọ̀pọ̀ fọ́tò, wọ́n á máa sún ibi tó mọ́ síwájú díẹ̀díẹ̀, wọ́n á wá fi ètò kọ̀ǹpútà bíi Helicon Focus tàbí Zerene Stacker pa wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan. Bí aláǹtakùn bá fi ẹsẹ̀ kan gbọ̀n báyìí, iṣẹ́ bà jẹ́.

Ohun tí fọ́tò ń fi hàn

Àwọn aláǹtakùn ìdílé Salticidae, tí wọ́n ń fò mọ́ ẹran wọn láìta àwọ̀n dè é, ni àwọn ayafọ́tò fẹ́ràn jù, nítorí wọ́n máa ń yíjú wo kámẹ́rà. Ayafọ́tò Jürgen Otto ní ìlú Sydney ti fi fọ́tò àti fídíò sọ àwọn Maratus, ẹ̀yà kan nínú ìdílé yìí ní ilẹ̀ Ọsirélíà, tí akọ wọn ń tẹ́ ẹ̀yìn aláwọ̀ mèremère nígbà ijó, di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Lójú tèmi, Evarcha culicivora, tí òun náà wà nínú ìdílé yìí, ló yẹ kí àwa ọmọ Áfíríkà mọ̀ jù. Ó ń gbé ní agbègbè adágún Victoria, ní Kẹ́ńyà àti Ùgáńdà. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2005 fi hàn pé abo ẹ̀fọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ẹ̀jẹ̀ ni ó ń ṣà pa. Bí fọ́tò bá mú un níbi tó ti di irú ẹ̀fọn bẹ́ẹ̀ mú, ẹ̀jẹ̀ inú ikùn ẹ̀fọn náà á máa pọ́n yòò.

Aláǹtakùn Misumena vatia ń jókòó sórí òdòdó, ó sì lè fi ọjọ́ mélòó kan yí àwọ̀ padà láti funfun sí àwọ̀ ìyeyè. Kòkòrò oyin tó mú máa ń dà bí èyí tó ṣì pé, torí pé ihò tín-ín-rín ló gbà fa inú rẹ̀ mu. Bí a bá sọ fọ́tò di ńlá, a lè rí àwọn eṣinṣin wíńníwínní ìdílé Milichiidae lórí òkú oyin náà, tí wọ́n wá jí mu nínú omi ara rẹ̀. Ti Argiope, aláǹtakùn tó ń ta àwọ̀n, yàtọ̀. Yorùbá ní aláǹtakùn, bí yóò bá ọ jà, a ta ká ọ lára. Bó ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn: ó sábà máa ń wé tata kí ó tó bù ú jẹ, òwú náà á sì máa tú jáde fẹ̀ẹ̀ bí òwú tí wọ́n ta sórí òfì.

Irú fọ́tò báyìí wúlò fún ìmọ̀. Àwọn onímọ̀ Martin Nyffeler àti Klaus Birkhofer fojú bù ú ní 2017 pé aláǹtakùn gbogbo ayé ń pa ẹran tó tó 400 sí 800 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù jẹ lọ́dún. Nyffeler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún kó ẹ̀rí jọ, títí kan fọ́tò àwọn ará ìlú, nípa aláǹtakùn tó ń jẹ àdán (2013), ẹja (2014) àti ejò (2021). Àmọ́ fọ́tò nìkan kò tó láti fún ọ̀pọ̀ aláǹtakùn lórúkọ, torí pé ẹ̀yà ìbímọ wọn ni àwọn onímọ̀ ń fi maikirosikópù wò kí wọ́n tó dá wọn mọ̀ yàtọ̀.

Àwọn kan máa ń ki aláǹtakùn sínú fíríìjì kó lè dákẹ́, tàbí kí wọ́n ju kòkòrò sínú àwọ̀n rẹ̀. Fọ́tò bẹ́ẹ̀ kò ṣeé lò gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ohun tó ń jẹ, ó sì yẹ kí ẹni tó yà á sọ bó ṣe ṣe é. Ìdájí ló dára jù: ara kòkòrò àti aláǹtakùn ṣì tutù, wọn kì í yára, ìrì sì ti mú kí okùn àwọ̀n hàn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni da ìyẹ̀fun lé e.