Ìdánwò tí kò lè kùnà: bí a ṣe ń yẹ kóòdù ìdánwò futex wò

Nínú Linux, bí thread méjì (ọ̀wọ́ iṣẹ́ tó ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà nínú ètò) bá ń du ohun kan ṣoṣo, futex, irinṣẹ́ kernel (ọkàn Linux), ni adájọ́. Mutex (àgádágodo) tí pthread, àkójọ iṣẹ́ fún thread, ń lò, semaphore rẹ̀, condition variable rẹ̀, orí futex ni gbogbo wọn jókòó lé. Ó ti wà níbẹ̀ láti Linux 2.6 tó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2003. Kóòdù tó ń dán an wò wà nínú fódà tools/testing/selftests/futex, láàárín kóòdù kernel fúnra rẹ̀, òun náà sì ń fẹ́ àyẹ̀wò. Bí kóòdù gidi bá ní àbùkù, àṣírí rẹ̀ á tú lọ́jọ́ kan; ìdánwò tó ní àbùkù lè máa pariwo "ok" fún ọdún mẹ́wàá láì rí ẹni tó máa bi í léèrè. Nítorí náà, ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò kì í béèrè bóyá ó yege. Ohun tó ń béèrè ni pé: kí ló gbọ́dọ̀ bàjẹ́ nínú kernel kí ìdánwò yìí tó kùnà?

Futex kò ju nọ́ńbà oní-bíìtì 32 kan lọ nínú mẹ́mọ́rì ètò, ní àdírẹ́sì tó ṣeé fi 4 pín. Bí kò bá sí ẹni tó ń bá thread du àgádágodo, á tì í, á sì ṣí i fúnra rẹ̀ láì kan ilẹ̀kùn kernel. Ìgbà tó bá bá a ní títì ló tó pe FUTEX_WAIT, tó sì sọ fún kernel pé: bí nọ́ńbà ibí yìí bá ṣì jẹ́ iye tí mo rí, jẹ́ kí n sùn. Kernel á tún nọ́ńbà náà wò. Bó bá ti yí padà, á dá thread padà pẹ̀lú àṣìṣe EAGAIN ("tún gbìyànjú"). Ẹni tó ṣí àgádágodo á pe FUTEX_WAKE, á sọ iye àwọn tó fẹ́ jí, kernel á sì sọ iye tó jí fún un. Títún nọ́ńbà wò àti títò sórí ìlà àwọn tó ń sùn kò gbọ́dọ̀ ní àlàfo tí ìjí lè bọ́ sí láàárín. Bí àlàfo bá wà, ìjí á ti kọjá kí thread tó sùn, á sì sùn lọ fọnfọn.

Ibi tí ojú kọ́kọ́ ń lọ nínú kóòdù ìdánwò ni usleep, ìpè tó ń mú kí thread dúró fún àkókò kan. Àṣà àtijọ́ nínú ìdánwò wọ̀nyí ni pé thread kan á lọ sùn sórí futex fún mílísẹ́kọ́ǹdì 30 ó pẹ́ tán, èkejì á dúró fún mílísẹ́kọ́ǹdì 10, á gbà pé ti àkọ́kọ́ ti sùn, á jí i, á sì máa retí kí FUTEX_WAKE dá 1 padà. Lórí ẹ̀rọ tó yá, kò sí wàhálà. Lórí ẹ̀rọ àfarawé tó ní CPU kan ṣoṣo, tí iṣẹ́ mìíràn sì pọ̀ lórí rẹ̀, mílísẹ́kọ́ǹdì 10 lè kọjá kí thread àkọ́kọ́ tó dé inú kernel. Ẹni tó sùn là ń jí: FUTEX_WAKE á dá 0 padà, ìdánwò á sì sọ pé kernel jẹ̀bi. Ó sì lè jẹ́ ẹni tó fẹ́ jíni ló pẹ́, kí 30 yẹn ti pé, kí ẹni tó ń sùn ti dìde lọ. Sísọ 10 di 100 kò wo àrùn náà sàn, ó kàn ń dín iye ìgbà tó ń yọjú kù ni. Tó bá sì ti ń kùnà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láìnídìí, àwọn ènìyàn á kọ́ bí wọ́n ṣe ń fojú fò ó, ìyẹn sì burú ju kí ìdánwò má sí lọ.

Barrier, ibi tí àwọn thread ti ń dúró de ara wọn, nìkan kò tó. Àlàfo wà láàárín ìgbà tí thread kúrò lẹ́nu barrier àti ìgbà tó wọ inú kernel. Èyí tó dára ju ìyẹn ni kí a máa ka ipò thread náà nínú /proc/self/task, nínú fáìlì stat rẹ̀, títí lẹ́tà S á fi hàn. Ṣùgbọ́n S ń sọ pé thread sùn ni, kò sọ ibi tó sùn sí. Ó lè jẹ́ àgádágodo inú printf ló ń dúró dè, futex sì ni ìyẹn náà! Kò yẹ kí ohunkóhun tó lè sùn wà láàárín ìgbà tí thread fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ hàn àti ìgbà tó pe futex. Àwọn mìíràn a máa pe FUTEX_WAKE léraléra títí á fi dá 1 padà. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ bí ohun tí ìdánwò náà ń wá bá jẹ́ ìjí tó sọnù, pípè léraléra yẹn gan-an ló ń bo àbùkù náà mọ́lẹ̀. Ọ̀nà yòówù kí a gbà, òpin gbọ́dọ̀ wà fún ìdúró, kó sì kéré sí sẹ́kọ́ǹdì 45, torí pé ibẹ̀ ni kselftest, ètò tó ń darí àwọn ìdánwò kernel, ti máa ń pa ìdánwò tí wọn kò bá yan àkókò mìíràn fún.

Lẹ́yìn èyí ni iye tí ìpè dá padà. glibc, àkójọ iṣẹ́ C tí ètò Linux ń lò, kò ní iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ futex, syscall (ìpè sí kernel) ni a ń lò tààrà. Tó bá kùnà, -1 ló ń dá padà, ìdí á wà nínú errno. Ìdánwò tó bá ń wá -EAGAIN nínú iye náà kò ní rí i láéláé. Bí wọ́n bá tẹ ọ̀rọ̀ jáde kí wọ́n tó ka errno, ó lè ti yí padà. FUTEX_WAIT tó dá 0 padà kò sì túmọ̀ sí pé ìjí tiwa ló jí i, nítorí thread lè jí lásán. Ẹni tó jíni ni a ń bi ní iye tó jí.

FUTEX_CMP_REQUEUE ni ó ń tan ènìyàn jù. Ká ní thread 10 ń sùn, a ní kí a jí 3, kí a kó 7 yòókù lọ sí futex kejì. Iye tí ìpè náà ń dá padà jẹ́ 10, àpapọ̀ àwọn tó jí àti àwọn tó ṣí kúrò. Bí ìdánwò bá yẹ 10 yẹn nìkan wò, kernel tó jí gbogbo wọn á yege pẹ̀lú. Àfi kí a jí gbogbo ẹni tó wà lórí futex kejì, kí a sì rí 7.

Irú ìtànjẹ bẹ́ẹ̀ wà nínú futex tí ètò méjì jọ ń lò. Futex tó bá ní FUTEX_PRIVATE_FLAG (ti ètò kan ṣoṣo), àdírẹ́sì àti ètò tó ni ín ni kernel fi ń dá a mọ̀. Ti orí fáìlì tí a jọ ń lò, fáìlì náà àti ibi tó wà nínú rẹ̀ ni. Bí thread méjì nínú ètò kan bá lo àdírẹ́sì kan náà láti dán ti fáìlì wò, ìdánwò á yege kódà bí kernel bá ń lo ìdámọ̀ tí kò tọ́. Ó yẹ kí a ya fáìlì náà sí àdírẹ́sì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tàbí kí a lo fork láti dá ètò kejì sílẹ̀. Kí a sì rí i pé mẹ́mọ́rì àjọlò tí wọ́n fi shmget gbà ti di yíyọ kúrò. Àṣẹ ipcs -m á fi ìyókù hàn.

Lórí ẹ̀rọ bíìtì 32 tí aago rẹ̀ ti di bíìtì 64, futex_time64, nọ́ńbà 422, ni a gbọ́dọ̀ pè. Ìpè àtijọ́ á ka aago náà ní òdì.

Ohun tí kernel gbọ́dọ̀ kọ̀ ṣe pàtàkì bí ohun tó gbọ́dọ̀ gbà. Ní ọdún 2014, àbùkù ààbò CVE-2014-3153 ṣẹlẹ̀ nítorí pé nínú requeue ti PI (irú futex tó ń gbé ipò pàtàkì ẹni tó ń dúró fún ẹni tó di àgádágodo mú), kernel kò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àdírẹ́sì méjèèjì tí wọ́n fún un kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹnikẹ́ni tó ní ètò lórí ẹ̀rọ lè fi di ọ̀gá rẹ̀, wọ́n sì fi ṣí ọ̀pọ̀ fóònù Android. Ìdánwò tó ń pe futex lọ́nà tó tọ́ nìkan kò lè rí irú rẹ̀.

Ìròyìn tí ìdánwò ń fi nọ́ńbà ìparí rẹ̀ mú wá ńkọ́? 0 ni yíyege, 1 ni kíkùnà, 4 ni fífò. Lórí kernel tó dàgbà ju 5.16 lọ, futex_waitv, ìpè tó ń dúró de futex púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á dá ENOSYS (kò sí irú ìpè yìí) padà. Fífò ni ìyẹn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí thread inú ìdánwò rí àbùkù, kó tẹ "FAIL", kí main, iṣẹ́ àkọ́kọ́ nínú ètò, má gbọ́, kó sì parí pẹ̀lú 0.

Lẹ́yìn kíkà, a ó ba kernel jẹ́ mọ̀ọ́mọ̀. Yọ ibi tí FUTEX_WAIT ti ń tún nọ́ńbà wò, kọ́ kernel náà, gbé e sínú QEMU (ẹ̀rọ àfarawé), kí o sì fi make kselftest TARGETS=futex dán an wò. futex_wait_wouldblock ń retí EAGAIN. ETIMEDOUT (àkókò ti tán) ló máa bá pàdé báyìí, ó sì gbọ́dọ̀ kùnà. Dá kernel padà sí bó ṣe wà, fi taskset so ìdánwò mọ́ CPU kan, fi stress-ng di ẹrù lé e, kí o sì ṣe é ní ìgbà 1000. Bó bá kùnà lẹ́ẹ̀kan péré nínú 1000 yẹn, padà lọ wá usleep.