Bí Ìbéèrè Ọmọdé Ṣe Di Ọ̀nà Ìkọ́ni ní Filọ́sọ́fì

Yunifásítì Columbia nílùú New York ni Matthew Lipman ti ń kọ́ni ní filọ́sọ́fì, ìyẹn ẹ̀kọ́ ìrònú jinlẹ̀, nígbà tí rògbòdìyàn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1968. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gba àwọn ilé kan, ọlọ́pàá sì wọlé wá kó wọn. Ohun tó ká Lipman lára ni pé ọ̀mọ̀wé ló kún ibẹ̀, síbẹ̀ wọn ò lè forí korí sọ ọ̀rọ̀ yanjú. Ó wá gbà pé ó ti pẹ́ jù kéèyàn tó dé yunifásítì kí wọ́n tó máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ronú. Láti kékeré ni.

Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ fi ìbéèrè kọ́ni. Ní Athens ní ilẹ̀ Gíríìsì, ní nǹkan bí 2,400 ọdún sẹ́yìn, Socrates, onífilọ́sọ́fì, ò kọ ìwé kankan. Ìbéèrè ni iṣẹ́ rẹ̀. Plato, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ròyìn bó ṣe pe ọmọ ẹrú kan, tó ya onígun mẹ́rin kan fún un, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2. Àyè inú rẹ̀ jẹ́ 4. Báwo la ṣe máa sọ àyè yẹn di ìlọ́po méjì? Ọmọ náà ní kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ di 4. Wọ́n kà á, 16 ló jẹ́, bẹ́ẹ̀ 8 ni wọ́n ń wá. Ó ní ó dáa, kó jẹ́ 3. Ìyẹn tún di 9. Ni ọmọ bá búra pé òun ò mọ̀ ọ́n. Ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyí, torí ńṣe ni Socrates sọ pé ọmọ náà ti sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ: ẹni tó mọ̀ pé òun ò mọ̀ ló máa wá a. Àmọ́ Socrates ló bi gbogbo ìbéèrè. Ọmọ yẹn ò bi ẹyọ kan.

Lọ́dún 1922, Leonard Nelson, olùkọ́ filọ́sọ́fì ní Göttingen ní Jámánì, ṣàlàyé bí wọ́n ṣe lè lo ọ̀nà Socrates fún odindi kíláàsì, tí olùkọ́ á gbé èrò tirẹ̀ pamọ́.

Lipman ní tiẹ̀ gbé ìbéèrè lé ọmọ lọ́wọ́. Ó kọ ìtàn nípa Harry Stottlemeier. Ẹ sáré pe orúkọ yẹn, ẹ máa gbọ́ Aristotle, onífilọ́sọ́fì Gíríìsì àtijọ́, nínú rẹ̀. Ọkàn Harry ti rìn lọ ní kíláàsì nígbà tí olùkọ́ bi í pé kí ló nírù gígùn, tó sì ń yí oòrùn ká. Harry rò ó pé gbogbo plánẹ́ẹ̀tì ló ń yí oòrùn ká, èyí náà ń yí i ká, plánẹ́ẹ̀tì ni. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ìràwọ̀ onírù ni. Ibi tó ti ń ro àṣìṣe rẹ̀ ló ti rí i pé kì í ṣe gbogbo ohun tó ń yí oòrùn ká ni plánẹ́ẹ̀tì. Lọ́jíìkì gidi, ìyẹn ẹ̀kọ́ bí èrò ṣe ń tọ́, nìyẹn, látọ̀dọ̀ ọmọ tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún 1970, Lipman dán ìtàn náà wò pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní Montclair, New Jersey. Ní 1974, ilé iṣẹ́ rẹ̀ fún filọ́sọ́fì àwọn ọmọdé fìdí múlẹ̀ ní Montclair State College, Ann Margaret Sharp sì di igi lẹ́yìn ọgbà rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: àwọn ọmọ á jókòó yíká kí wọ́n lè máa rí ojú ara wọn. Wọ́n á ka ìtàn sókè, ẹnì kan á ka díẹ̀, ẹlòmíràn á gbà á. Olùkọ́ á wá bèèrè ohun tó ṣe wọ́n ní kàyéfì, á kọ ìbéèrè wọn sójú pátákó bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó bi í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo bẹ olùkọ́ tó bá fẹ́ ṣe é, kó má fo orúkọ yẹn. Àwọn ọmọ ló máa yan èyí tí wọ́n fẹ́ jíròrò. Látibẹ̀, olùkọ́ á kàn máa bèèrè ni: “Kí ló mú ọ sọ bẹ́ẹ̀? Ta ni kò fara mọ́ ọn?”