Bí a ṣe ń tú 987,654,321 sí wẹ́wẹ́

Kò sí ohun tó ń sọ ìwà odidi nọ́ńbà kan fúnni tó àwọn nọ́ńbà àkọ́kọ́ tó bí i, ìyẹn àwọn tí nǹkan kan kò lè pín láìṣẹ́kù àfi 1 àti ara wọn. 987,654,321 dára gan-an fún ìdánrawò, torí pé ó ní kọ̀rọ̀ tó fara sin.

1 ló gbẹ̀yìn rẹ̀, nítorí náà 2 àti 5 ò lè pín in. Ẹ ro dígíìtì mẹ́sẹ̀ẹ̀sán pọ̀: 45. 9 pín 45 láìṣẹ́kù, ó sì pín gbogbo nọ́ńbà náà. Òfin yìí kì í yẹ̀, torí pé bí a bá fi 9 pín 10, 100, 1,000 àti irú wọn, 1 ló máa ń ṣẹ́kù.

Èsì rẹ̀ ni 109,739,369. Dígíìtì tirẹ̀ jẹ́ 47, nítorí náà kò sí 3 nínú rẹ̀ mọ́. Ibí lọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀: wọ́n á fi 3 pín lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì kọjá láì wò ó bóyá 3 mìíràn ṣì wà níbẹ̀. Ẹ fi 7 pín in, 5 á ṣẹ́kù. Ẹ fi 11, 3 á ṣẹ́kù. Ẹ fi 13, 12 á ṣẹ́kù. 17 ló pín in geere, ó di 6,455,257. 17 tún pín ìyẹn náà, ó ku 379,721.

Ìgbà wo la ó wá dúró? 616 lọ́nà 616 jẹ́ 379,456. 617 lọ́nà 617 sì ti kọjá 379,721. Bí nọ́ńbà tó ju 616 lọ bá pín in, èyí tí wọ́n jọ so pọ̀ kò ní tó 617, a ó sì ti bá a pàdé lọ́nà. Nítorí náà, nọ́ńbà àkọ́kọ́ 613 ni a ó dán wò kẹ́yìn. Kò sí ọ̀kankan tó pín in: nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni 379,721 fúnra rẹ̀. Ká ní a kò yọ 9 àti 17 kúrò bí a ṣe ń lọ ni, à bá wá a dé 31,426.

987,654,321 = 3² × 17² × 379,721

Inú ìlà yìí nìyókù ti ń jáde. Ọ̀nà mẹ́ta la lè gbà mú 3 (ká má mú un rárá, ká mú ọ̀kan, ká mú méjèèjì), mẹ́ta fún 17, méjì fún 379,721. 3 × 3 × 2 jẹ́ 18, iye nọ́ńbà tó pín in láìṣẹ́kù nìyẹn. Àròpọ̀ wọn ni (1 + 3 + 9) × (1 + 17 + 289) × (1 + 379,721), ìyẹn 13 × 307 × 379,722, tó jẹ́ 1,515,470,502. Bí a bá yọ òun fúnra rẹ̀ kúrò, ó ku 527,816,181, èyí tí kò tó o. Ti 28 kò rí bẹ́ẹ̀, bí a bá yọ òun fúnra rẹ̀ kúrò, àwọn yòókù tó pín in papọ̀ jẹ́ 28 gẹ́gẹ́.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀rọ ìṣírò. Bí ẹ bá fi 123,456,789 pín 987,654,321, ẹ̀rọ tó ń gé èsì sí ipò mẹ́fà lẹ́yìn àmì ìdá yóò fi 8 hàn, bíi pé kò ṣẹ́kù. Ẹ lọ́po rẹ̀ padà: 987,654,312 lẹ máa rí, 9 ló ṣẹ́kù. Ohun tó bá pín àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ pín àṣẹ́kù yẹn pẹ̀lú, 9 sì pín méjèèjì. Òun ni nọ́ńbà tó tóbi jù lọ tó pín wọn pọ̀.